Ẹni Tí Kò Tíì Kàn, Kó Padà Sẹ́yìn

Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ mọ̀ pé agbèrò ti ń ya wèrè? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn. Ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó dúró sójú kan láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kó máa pariwo, kó máa pe ẹni tí kò mọ̀ rí ní ẹ̀gbọ́n, kó máa bú ẹni tó ti lọ, kó sì máa fọwọ́ pe afẹ́fẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sọ̀rọ̀, ta ló máa fura? Ìdí nìyẹn tí Kàsímù fi ya wèrè ní gáréèjì Ore fún nǹkan bí ọdún kan láìsí ẹni tó mọ̀, tí àwọn awakọ̀ tiẹ̀ ń yìn ín pé kò sí agbèrò tó ń ṣiṣẹ́ tọkàntọkàn bíi tirẹ̀.

Ìdí ọkọ̀ Òkìtìpupa ló ti ń pèrò. Ará Ìwó ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ gẹdú ló gbé bàbá náà dé Ore nígbà tí igbó ṣì jẹ́ igbó, ibẹ̀ náà ló sì kú sí. Ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀ lọ. Límátù ni àgbà, òun ló ń ta epo pupa lọ́jà. Mùsbáù ló tẹ̀ lé e, lọ́rì akógẹdú ló ń wà. Kàsímù ni àbíkẹ́yìn, kò sì rí nǹkan kan jogún ju ohùn lọ. Ẹ má fojú kéré ohùn náà o. Bó bá pe Òkìtìpupa lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì, àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó á ti gbọ́ kí ọkọ̀ wọn tó dúró, àwọn kan tó ń lọ sí Oǹdó á sì ti jókòó sínú ọkọ̀ Òkìtìpupa kí wọ́n tó rántí ibi tí wọ́n ń lọ.

Àwọn mẹ́ta kan tí òun nìkan ń gbọ́ ohùn wọn ló ń bá a sọ̀rọ̀. Àkọ́kọ́ ni Bàbá Oníkọ́, arúgbó kan tó máa ń wúkọ́ kó tó lanu, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í ju àṣẹ lọ: ṣe báyìí, ju ìyẹn nù, má jẹ oúnjẹ yẹn. Èkejì ni obìnrin kan tí Kàsímù sọ ní Ẹlẹ́rìn-ín, nítorí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa fi í rẹ́rìn-ín. Èyí tó sú u jù nínú wọn ni ẹ̀kẹta, tó ń jẹ́ Rédíò. Ohunkóhun tí Kàsímù bá ń ṣe ni Rédíò á máa kà jáde bí ẹni ń ka ìròyìn: ó ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń wo ìdí obìnrin tó ró ìró aláwọ̀ ewé yẹn, ó fẹ́ họ imú. Ẹ wò ó, ẹni tó bá ń gbọ́ irú èyí láti ìgbà tó bá ti lajú, bí kò bá bú sẹ́kún, á bú sẹ́rìn-ín. Kàsímù máa ń ṣe méjèèjì, àwọn èrò á ní agbèrò yìí mà lọ́yàyà o.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, ọjọ́ ọjà ni. Ọkọ̀ ti kún, awakọ̀ ti wà nídìí ìdarí, ni Bàbá Oníkọ́ bá wúkọ́, ó ní wọ́n ń kó gbogbo wọn lọ pa ni, kí Kàsímù wọ́ wọn bọ́ọ́lẹ̀ kíákíá. Kàsímù gbà á gbọ́. Ó fi táì fa olùkọ́ kan jáde, ó fapá fa aboyún kan, ó sì gbé ìyá alágbàdo kan sọ̀ kalẹ̀ tòun tagbọ̀n rẹ̀. Ewúrẹ́ kan wà lábẹ́ ìjókòó tó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ lọ pa á ní tòótọ́. Ìyẹn nìkan ni kò bá a jà. Àwọn tó kù lù ú títí ojú rẹ̀ kò fi jọ ojú mọ́.

Mùsbáù ló gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń tọ́jú wèrè nínú igbó. Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà, kò yẹ lẹ́ni tí mo lè fi ẹnu mi pè. Ìtọ́jú tó mọ̀ kò ju ṣẹkẹṣẹkẹ àti pàṣán lọ. Wọ́n so Kàsímù mọ́ ìtì igi, òjò ọdún yẹn bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀, ó sì dá kí wọ́n tó tú u. Àràárọ̀ ni wọ́n ń na àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn Kàsímù ni wọ́n ń nà. Límátù ló lọ gbà á sílẹ̀. Wọ́n ní nígbà tó dé ibẹ̀, kò mú ọlọ́pàá lọ, kò mú agbẹjọ́rò lọ, ẹnu rẹ̀ nìkan ló mú lọ. Ó fi ẹnu náà sọ̀kò ọ̀rọ̀ títí ọkùnrin yẹn fi fọwọ́ ara rẹ̀ já ṣẹkẹṣẹkẹ, kó ṣáà lè sinmi.

Límátù ní òun ti gbọ́ nípa nọ́ọ̀sì kan ní Odigbo, òun á gbé e lọ síbẹ̀. Mùsbáù kò ta kò ó. Àmọ́ ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé Límátù lọ́jọ́ náà, ó sì sọ ọ́ kó yé gbogbo wọn. Ó ní kí wọ́n gbìyànjú nọ́ọ̀sì wọn. Ṣùgbọ́n bí Kàsímù bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní gáréèjì lẹ́ẹ̀kan péré, òun fúnra òun lòun máa gbé e padà sínú igbó, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bẹ òun. Ó tọ́ka sí lọ́rì rẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní ṣéènì tí òun fi ń de gẹdú wà níbẹ̀.

Ẹ má pe Mùsbáù ní ìkà. Òun ló bẹ olùkọ́ tí wọ́n fa táì rẹ̀ ya, òun ló dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ aboyún. Ẹ̀rù ló ń bà á, ẹni tí ẹ̀rù bá sì ń bà, ohun tó bá wà nítòsí ló máa ń dì mú. Ohun tó wà nítòsí Mùsbáù ni ṣéènì. Kàsímù bojú wo ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí egbò ṣì ti ń dán. Kò bẹ̀rù ikú tó bó ṣe bẹ̀rù ṣéènì yẹn, ó sì búra nínú ara rẹ̀ pé kò sí ẹni tó máa tún so òun mọ́ igi láyé.

Síísítà Ọlọ́runnísọ̀lá ni nọ́ọ̀sì náà ń jẹ́, ọmọ Ìkálẹ̀, ó sanra, ẹnu rẹ̀ mú, ó ti ṣiṣẹ́ rí l'Abẹ́òkúta láàárín àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ kí wọ́n tó gbé e wá sí Odigbo. Gúgúrú ló máa ń jẹ bó bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìsàn. Ó kọ́kọ́ gún Kàsímù lábẹ́rẹ́, ó fún un ní oògùn, ariwo náà sì lọ sílẹ̀ dáadáa, Rédíò tiẹ̀ dákẹ́ pátápátá bí ẹni tí bátìrì rẹ̀ tán. Ara ń tu Kàsímù bọ̀ wẹ́rẹ́, ó tiẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní gáréèjì, ni ìjọba bá ní owó ti tán lápò orílẹ̀-èdè.

Ṣé ẹ rántí ìgbà yẹn? Àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba padà ni. Kò sí mílíìkì, kò sí ṣúgà, ọṣẹ ìfọṣọ di ohun tí èèyàn ń tọrọ. Oògùn Kàsímù náà bá wọn lọ, Rédíò sì tún lanu. Síísítà ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn hàn án, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju aáyán lọ. Ó bú ìjọba, ó bú àwọn tó ṣe ìjọba ṣáájú wọn, lẹ́yìn náà ló fa àga sún mọ́ ọn. Ó ní òun á máa wá oògùn kiri, bí òun bá ti rí i, kó máa lò ó, kó má sì tan ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní báyìí, ẹnu nìkan ló kù fún òun àti Kàsímù, kí wọ́n jọ lò ó.

"Kí ni wọ́n ń sọ fún ẹ?" ló bi í.

Kàsímù wò ó tìyanutìyanu. Kò sí ẹni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Àwọn kan ti sọ fún un pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, àwọn kan ti sọ fún un pé ẹ̀mí èṣù ni, àwọn kan ti nà án, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì bi í ní ohun tí wọ́n ń sọ. Ló bá ń rò ó fún un. Ó rò ó títí gúgúrú fi tán. Nígbà tó máa fi dákẹ́, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, Síísítà ní Ẹlẹ́rìn-ín yẹn ìwà rẹ̀ kò dára rárá, ó rán òun létí ìyá ọkọ òun.

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Síísítà kò bá a jiyàn pé wọ́n wà tàbí wọn kò sí. Ohun tó ń wádìí ni ìgbà tí wọ́n máa ń pọ̀ jù, àti ohun tí Kàsímù máa ń ṣe bí wọ́n bá dé. Ó hàn pé bí kò bá sùn dáadáa, wọ́n á pọ̀. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, wọ́n á pọ̀. Bó bá ń pèrò tàbí tó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, ohùn wọn á rọ̀. Ní ti àwọn ìkéde Rédíò, Síísítà ní kí wọ́n dán an wò bóyá òótọ́ ni. Rédíò ti ní ọkọ̀ búlúù awakọ̀ kan máa já sódò lọ́jọ́ tó ń bọ̀. Síísítà ní kí Kàsímù má sọ fún ẹnikẹ́ni, kó kó èrò sí i bó ṣe yẹ, kó wá dúró títí di ìrọ̀lẹ́ kó wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kàsímù dúró. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ọkọ̀ búlúù dé pẹ̀lú gbogbo táyà rẹ̀, awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ní àkàrà tí òun jẹ l'Òkìtìpupa ń run òun nínú. Kàsímù rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà ló ti mọ̀ pé Rédíò máa ń parọ́, bíi rédíò tó kù.

Síísítà tún ní kí Límátù wá. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un pé igbe tí wọ́n ń ké mọ́ Kàsímù nílé wà lára ohun tó ń jí àwọn mẹ́ta yẹn, pé ilé tí wọ́n bá ti ń jágbe mọ́ irú aláìsàn yìí, àìsàn náà máa ń tètè padà. Límátù ní òun? Òun pariwo? Ó sọ ọ́ sókè débi pé obìnrin tó ń rọbí ní yàrá kejì dákẹ́ kó lè gbọ́. Síísítà kàn ń wò ó. Nígbà tó yá, Límátù gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń padà wá láti ara ògiri, ojú tì í, ó sì jókòó.

Láti ọjọ́ yẹn ni Límátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn olè sọ̀rọ̀ nínú ilé. "Kàsímù, wá jẹun," á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ báyìí. Àwọn ará ilé kejì rò pé ẹnì kan ti kú, wọ́n wá kí i kú ọ̀fọ̀. Ní ọjà, tí kò sí Kàsímù níbẹ̀, ó máa ń pariwo ìlọ́po méjì láti fi dí èyí tó fi du ara rẹ̀ nílé. Kò sí oníbàárà rẹ̀ tí kò fara gbá a. Ṣùgbọ́n Kàsímù ń sùn.

Ohun tó kù tí kò ṣeé ṣe ni ti àsìkò. Síísítà ní kó yan àkókò kan fún wọn lóòjọ́, kó máa gbọ́ wọn nígbà náà nìkan, bí wọ́n bá dé ní àkókò mìíràn, kó ní kí wọ́n ní sùúrù. Wọ́n jọ yan ẹ̀yìn ìrun Àsárì, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn gáréèjì. Kàsímù gbìyànjú, kò rọrùn. Ó bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbọ́. Ó fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n, Ẹlẹ́rìn-ín tún fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ń bẹ èèyàn kò lè pàṣẹ fún un, ohun tó dun Kàsímù nìyẹn, ó sì ti fẹ́ jáwọ́.

Àwọn ṣọ́jà ló là á lójú, ẹ má bínú. Ìgbà yẹn ni wọ́n gbé ogun ti ìwàkiwà, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Wáì. Lójú ṣọ́jà, àìtò sórí ìlà ló ba Nàìjíríà jẹ́. Wọ́n dé gáréèjì Ore tàwọn ti kòbókò, wọ́n ní kí èrò tò, kí alágbàdo tò, kí ẹni tó fẹ́ tọ̀ náà tò. Ní ti àwọn ọkọ̀, kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ kọ́ wọn, nítorí ó ti pẹ́ tí gáréèjì ti ní òfin tirẹ̀: ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ kó èrò, èyí tó bá gbìyànjú àtijá ìlà, ẹ̀yìn pátápátá ni wọn yóò lé e sí, ì báà jẹ́ ọkọ̀ bàbá alága. Agbèrò ni í sì í lé e. Bó bá di ọ̀rọ̀ ìlà, agbèrò kì í bẹ awakọ̀. Á gbá ara ọkọ̀ pàpà, á ní, "Kò tíì kàn ẹ́. Padà sẹ́yìn." Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Ọjọ́ kan tí Kàsímù ń lé ọkọ̀ kan báyìí ni Ẹlẹ́rìn-ín bẹ̀rẹ̀. Kàsímù kò tiẹ̀ ronú kó tó yíjú sí i pẹ̀lú ohùn kan náà, ó ní kò tíì kàn án, kó padà sẹ́yìn. Ẹlẹ́rìn-ín dákẹ́. Kàsímù dúró gbagidi, ó ń retí kó tún bẹ̀rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Háà. Ṣé bó ṣe rí nìyí? Nígbà tí Àsárì tó, ó lọ sábẹ́ máńgòrò, ó jókòó, ó pè wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ dé láàárọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹlẹ́rìn-ín tó ti já ìlà, òun ló pè kẹ́yìn. Nígbà tó fi máa kàn án, kò ní nǹkan gidi kan láti sọ mọ́.

Nígbà tó ròyìn fún Síísítà, Síísítà rẹ́rìn-ín títí gúgúrú fi há a lọ́fun. Ó ní òun ti sọ fún un pé kó yan àsìkò fún wọn, ṣùgbọ́n kò wá sí òun lọ́kàn pé agbèrò ni òun ń bá sọ̀rọ̀. Ó ní kó máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ló fi kún un: kó máa sọ ọ́ nínú ọkàn rẹ̀, kó má sọ ọ́ jáde, nítorí ojú ayé. Kàsímù gbà. Ó sì rọrùn láti sọ ọ́ nínú ọkàn fún Ẹlẹ́rìn-ín àti Rédíò. Bàbá Oníkọ́ ni kì í gbọ́ èyí tí èèyàn kò bá sọ sókè, bóyá torí pé ó ti darúgbó.

Oyèlọlá, alága gáréèjì, ló kọ́kọ́ rí i tí ètè Kàsímù ń mì. Kò fẹ́ kí wọ́n tún wá máa wọ́ èrò bọ́ọ́lẹ̀ ní gáréèjì òun, ló bá ránṣẹ́ sí Mùsbáù pé kó wá wo àbúrò rẹ̀. Mùsbáù dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú gẹdú tó kó láti ọ̀nà Omifunfun. Ó gbé lọ́rì dúró sí òdìkejì títì, kò wọ inú gáréèjì, ó kàn fara ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ ó ń wò. Kàsímù rí i. Ó rí lọ́rì, ó rí ṣéènì tó ń fì lára gẹdú.

Rédíò náà rí i. Ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti dé, ó ní ọrùn ẹsẹ̀ ń yún un. Kàsímù sọ fún un nínú ọkàn pé kò tíì kàn án.

Òwúrọ̀ yẹn kan náà ni àwọn ṣọ́jà Wáì tún wà nílẹ̀. Èrò Òkìtìpupa tò lọ títí dé ìdí ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Ìyá àgbà kan láti Ajue ló wà níwájú pátápátá pẹ̀lú àpò gàrí rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ láti ìdájí. Sájẹ́ǹtì tó jẹ́ olórí àwọn ṣọ́jà náà ti na àwọn kan nítorí pé ìlà wọn wọ́. Nígbà tó kan kí òun náà rìnrìn àjò, ẹ gbà mí, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìlà kọjá bí ẹni pé igi ọgbà ni wọ́n, ó sì lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, níbi tí Kàsímù dúró sí.

Àkókò yẹn gan-an ni Bàbá Oníkọ́ wúkọ́. Ó ní àwọn apànìyàn ti dé, pé kí Kàsímù wọ́ ìyá àgbà yẹn kúrò nídìí ọkọ̀, kó wọ́ ọ báyìí báyìí. Ohùn tó lò lọ́jọ́ olùkọ́ àti aboyún ló lò. Ọwọ́ Kàsímù ti dé èjìká ìyá náà. Ó fa ọwọ́ náà padà. Ó sọ ọ́ nínú ọkàn, Bàbá Oníkọ́ kò gbọ́. Ó tún sọ ọ́ nínú ọkàn, arúgbó náà ń ké. Nígbà tí kò rí ọ̀nà àbáyọ mìíràn, Kàsímù fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ara ọkọ̀ pàpà, ó sì fi gbogbo ohùn tó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ sọ ọ́ jáde.

"Kò tíì kàn ẹ́. Padà sẹ́yìn."

Ẹsẹ̀ kan sájẹ́ǹtì ti wà lórí àtẹ̀gùn ọkọ̀.

Ẹni tó ń din àkàrà gbé síbí dúró. Sájẹ́ǹtì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yíjú sí Kàsímù, ó bi í pé ta ló ń bá wí.

Ẹ̀yin ẹ bá mi gbé e wò. Bí Kàsímù bá ní kì í ṣe sájẹ́ǹtì ni òun ń bá wí, ọkùnrin náà á bi í pé ta ni nígbà náà, kò sì sí ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Mùsbáù ń wò láti òdìkejì títì, ṣéènì sì wà nílẹ̀. Bó bá ní sájẹ́ǹtì ni òun ń bá wí, kòbókò wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Kàsímù rántí ẹgba, ó sì rántí ìtì igi. Egbò ẹgba á jinná. Ó gbé ojú sókè.

"Ẹ̀yin ni, sà. Àwọn wọ̀nyí ti tò ṣáájú yín."

Rédíò ní ó ti sọ ọ́ o, ó ti kú.

Sájẹ́ǹtì fún un ní kòbókò méjì tó mú kó rí ìràwọ̀ lọ́sàn-án gangan, ó sì ní kó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ yí gáréèjì ká. Kàsímù fò. Ẹ gbọ́, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú rẹ̀ dùn. Ọkùnrin náà ń fò, ẹ̀jẹ̀ ń ṣe yọ́ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín, torí pé ẹsẹ̀ tó bá ń fò, kò sí lára igi. Ìyá Ajue yẹn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní irọ́ wo ni ọmọ yìí pa, ṣebí àwọn ṣọ́jà ló ní kí wọ́n tò. Ẹnì kan lẹ́yìn ní bẹ́ẹ̀ ni. Kùn-ún-kùn-ún bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ láti iwájú ìlà dé ìdí búrẹ́dì. Ẹ má retí pé sájẹ́ǹtì padà sẹ́yìn o. Ó wọ iwájú ọkọ̀, ó jókòó, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ó kàn jẹ́ pé kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni ni.

Bí ọkọ̀ ṣe lọ tán ni gáréèjì gba ariwo. Àwọn awakọ̀ gbé Kàsímù dìde, Oyèlọlá fọwọ́ ara rẹ̀ ra mínírà fún un, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé akọni ni ọmọkùnrin yìí. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé láti ìgbà tí Kàsímù ti ń ṣàìsàn, kò tíì ṣe ohun tó jọ wèrè tó èyí rí, kó dojú kọ ṣọ́jà tó mú kòbókò lọ́wọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbà pé orí rẹ̀ ti pé.

Ẹnì kan péré ni kò pariwo. Mùsbáù fi ọwọ́ pè é láti òdìkejì títì. Kàsímù gbé mínírà rẹ̀ dání, ó tiro sọdá. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹdú, àwọn méjèèjì nìkan.

"Sájẹ́ǹtì yẹn lò ń bá wí ní tòótọ́?" Mùsbáù bi í.

Ó rọrùn láti parọ́. Gbogbo gáréèjì á bá a jẹ́rìí sí i, Oyèlọlá á fi Kùránì búra. Ẹlẹ́rìn-ín tiẹ̀ ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́, ó ní kó parọ́, ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ Kàsímù. Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti máa fi àwọn mẹ́ta pa mọ́ fún ẹni tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà, Síísítà náà sì ti sọ fún un pé èèyàn kan gbọ́dọ̀ wà nínú ẹbí tó mọ òótọ́ yàtọ̀ sí Límátù. Ó bojú wo ṣéènì.

"Rárá, Bọ̀dá mi. Bàbá arúgbó kan ni. Ẹ ò lè rí i."

Ọwọ́ Mùsbáù lọ sórí ṣéènì, ó dúró síbẹ̀. Kàsímù ń retí kó sọ pé kò sí arúgbó kankan níbẹ̀, bó ṣe máa ń sọ ọ́.

"Kí ló ní kó o ṣe?" ni Mùsbáù wí.

"Ó ní kí n wọ́ ìyá Ajue yẹn kúrò nídìí ọkọ̀."

"Ìwọ wá ní kó padà sẹ́yìn."

"Mo ní kó padà sẹ́yìn."

Mùsbáù wo gáréèjì níbi tí ìlà ti tú ká, tí ìyá Ajue ṣì jókòó lórí àpò gàrí rẹ̀ tó ń retí ọkọ̀ mìíràn. Ó wo ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ níbi tí ẹgba ti là sí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ṣé ó padà?"

"Ó padà."

Mùsbáù mí kanlẹ̀. Ó ní arúgbó yẹn gbọ́n ju ṣọ́jà lọ nìyẹn. Ó bọ́ sẹ́yìn lọ́rì, ó ju ṣéènì sókè kọjá orí gẹdú, ó sì ní kí Kàsímù dúró lápá kejì kó bá òun gbá a mú, ìdè rẹ̀ ti dẹ̀ láti Omifunfun. Kàsímù gbé mínírà sílẹ̀, ó mú orí ṣéènì, ó sì fà á títí ó fi le mọ́ ara igi dáadáa.